Òfin Ẹnu Dídùn

Dáìsì méjèèjì fò kúrò lórí tábìlì, wọ́n yí gba àárín àwọn bàtà tí wọn kò tíì rán, wọ́n sì dúró lẹ́bàá agolo gáàmù. Ìyàwó Ṣúmékà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò wọ́n.

"Ó gbà," ó ní. "Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi."

Ṣúmékà kò janpata. Òun ló kọ òfin náà, dáìsì sì ti sọ̀rọ̀. "Ẹ̀ṣọ́ ṣílẹ̀kùn," ó ní.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, nọ́ọ̀sì tí kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́, yán. "Òfin yẹn dáa. Ṣé mo lè máa lọ sùn?"

Eré tí wọ́n ń ṣe yìí, ìtàn ni. Ẹnì kan á máa pìtàn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan tó jókòó sí tábìlì á di èèyàn kan nínú rẹ̀, olè, ẹ̀ṣọ́ tàbí oníṣègùn, á sì sọ ohun tí èèyàn rẹ̀ fẹ́ ṣe. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti rú wọn lójú, wọ́n á da dáìsì: bí òǹkà rẹ̀ bá pọ̀, ó gbà, bó bá kéré, ó kọ̀. Ṣúmékà àti Onígbàjámọ̀ tó wà ní òpópónà kejì ni wọ́n jọ dá eré náà sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù bàtà yìí, tí wọ́n sì tẹ òfin rẹ̀ síwèé. Ní báyìí, àwọn tí wọn kò mọ̀ rí ń ṣe é ní àdúgbò míì. Ìwé kejì ni Ṣúmékà ń kọ lọ́wọ́, òun nìkan. Òfin ìmọ̀ọ́ṣe ló wà nínú rẹ̀: bí èèyàn ṣe ń gun ògiri, bó ṣe ń di ọgbẹ́, bó ṣe ń yọ́ rìn. Àwọn òfin náà kò pọn dandan. Ẹni tó bá wù lè lò wọ́n, ẹni tí kò bá wù lè fò wọ́n dá. Ṣùgbọ́n atẹ̀wé ń bọ̀ wá gbé e kí ilẹ̀ tó ṣú, bó bá sì ti wọ inú ẹ̀rọ, ihò tó bá wà nínú rẹ̀ ti wà níbẹ̀ nìyẹn.

Èyí tó kẹ́yìn ni òfin ẹnu dídùn. Ẹni tó bá fẹ́ rọ ẹlòmíì láti ṣe nǹkan gbọ́dọ̀ da dáìsì. Bí dáìsì bá kọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ já sí asán. Bó bá gbà, ẹni tí wọ́n ń rọ̀ gbọ́dọ̀ ṣe é, ó fẹ́, ó kọ̀.

Gbogbo wọn ló mọ ibi tí òfin yìí ti wá. Nígbà òjò tó kọjá, Ṣúmékà ní ẹ̀ṣọ́ kan nínú ìtàn, ó ti ń bá a bọ̀ láti ìgbà tí eré náà ti bẹ̀rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ni olè. Olè dúró lẹ́yìn ẹnubodè ìlú, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ̀rọ̀, kò da dáìsì kankan, gbogbo tábìlì ń rẹ́rìn-ín, títí ẹ̀ṣọ́ fi ṣílẹ̀kùn. Àwọn ọ̀tá tẹ̀ lé olè wọlé. Ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ pa. Ṣúmékà ní òjóró ni. Onígbàjámọ̀ ní, "Ìwọ lo ṣílẹ̀kùn, èmi kọ́." Láti ọjọ́ náà wọn kò kí ara wọn mọ́. Ṣúmékà ń rin ọ̀nà jíjìn lọ gẹrun lọ́dọ̀ ẹnì kan tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n.

"Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ bà á jẹ́," Ṣúmékà ní. "Ẹ wá ihò sí i."

"Ihò wo?" àbúrò rẹ̀ ní. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní kí dáìsì pinnu, ó pinnu. Kí lẹ tún fẹ́?"

Ìyẹn gan-an ló ń dun Ṣúmékà. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń dán àwọn òfin náà wò, ẹnikẹ́ni ò jiyàn. Ohun tó bá kọ ni wọ́n ń ṣe, bí ẹni ń lo oògùn. Ó mọ bàtà. Èyí tí wọ́n kàn wọ̀ rìn yípo yàrá kò tíì fi ibi tó ti máa jò han ẹnikẹ́ni.

"Àwa kọ́ lẹ kọ ọ́ fún," ìyàwó rẹ̀ ní, ó ń kó dáìsì sínú ife.

"Ta ni mo kọ ọ́ fún?"

"Ẹ lọ wo orí yín nínú dígí, Bàbá wọn. Bí eku ṣe jẹ ẹ́ yẹn, ó máa sọ fún yín."

Àbúrò rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Inú bí Ṣúmékà. Ó ká ìwé rẹ̀, ó tì í bọ àpò, ó jáde.

Onígbàjámọ̀ ń gbá irun ilẹ̀ jọ nígbà tí Ṣúmékà wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Wọn kò kí ara wọn. Ṣúmékà jókòó sórí àga. Onígbàjámọ̀ gbọn aṣọ, ó so ó mọ́ ọn lọ́rùn, ó sì wo orí náà yípo.

"Ta ló gé èyí? Àbí ọ̀bẹ bàtà lo fi gé e fúnra ẹ?"

"Máa gẹrun," Ṣúmékà ní. "Màá kàwé fún ẹ."

Ó ka òfin ẹnu dídùn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó parí, àlùmọ́gàjí dákẹ́.

"Bí dáìsì bá gbà, dandan ni?"

"Dandan ni."

"Ó dáa. Èmi olè, mo dé iwájú ọba. Mo ní kó bọ́ adé fún mi. Mo da dáìsì, ó gbà."

Ṣúmékà tún wo ìlà náà nínú ìwé.

"Mo tún kọjú sí ẹ̀ṣọ́. 'Ọ̀rẹ́ mi, bẹ́ sínú kànga.' Dáìsì gbà. Kí ni ẹ̀ṣọ́ ṣe?"

"Ó bẹ́ sínú kànga," Ṣúmékà ní, bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín rẹ̀.

"Ẹ̀ṣọ́ tó gbọ́n gan-an nìyẹn." Àlùmọ́gàjí tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. "Ta ló bá ẹ dán an wò?"

"Ìyàwó mi. Àbúrò mi."

"Wọ́n bọ̀wọ̀ fún ẹ jù."

"Sọ bí ìwọ ṣe máa ṣe é nígbà náà, ọlọ́gbọ́n."

Onígbàjámọ̀ fẹ́ irun kúrò létí rẹ̀, ó ronú. "Iṣẹ́ dáìsì ò gbọdọ̀ ju kó mú un dúró gbọ́ ẹ lọ. Bó bá gbà, ẹ̀ṣọ́ á gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ dópin. Ohun tó máa ṣe lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹni tó ni ẹ̀ṣọ́ fúnra ẹ̀ pinnu."

Ṣúmékà wá ibi tí èyí ti máa ya. Ó fi ọba dán an wò, ó fi kànga dán an wò, kò ya. Ó wá fi ẹnubodè dán an wò. Lọ́jọ́ yẹn, olè náà ní ìkòkò ọbẹ̀ òun wà lórí iná nílé, ó ti ń jóná, ìyàwó òun á sì fi ìkòkò náà dé òun lórí bí òun bá pẹ́. Ẹ̀ṣọ́ gbọ́ ọ dópin. Lẹ́yìn náà, ta ló pinnu? Ó rí ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín bíi tàwọn yòókù, omi ti lé ròrò sí i lójú, ọwọ́ rẹ̀ ti nà sí ilẹ̀kùn tí kò sí níbẹ̀. Ká ní wọ́n da dáìsì ni, kí dáìsì sì kọ̀, òun gan-an ni ì bá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún un dà.

Ó fa bírò yọ lábẹ́ aṣọ náà. Ó fagi lé ìlà méjì, ó kọ ọ̀kan.

"Ti ògiri gígun ńkọ́?" ni Onígbàjámọ̀ bi í. "O ò tíì kà á."

"Parí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ ná."

"Irùngbọ̀n ló kù."

Onígbàjámọ̀ gbé abẹ lé awọ, ó lọ ọ́ síwá, ó lọ ọ́ sẹ́yìn. Ṣúmékà pa ìwé rẹ̀ dé. Ó gbé àgbọ̀n sókè, ó sì dijú.