Ẹnu Gbọ́njúbọ́lá

Ní ọjà Olódò, ẹni tó bá ń ta aáṣáà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bu díẹ̀ sórí ahọ́n ara rẹ̀ kí oníbàárà tó nawọ́ sí i. Báyìí ni wọ́n fi ń mọ̀ pé kánún inú rẹ̀ kò pọ̀ jù, àti pé ọwọ́ ẹni tó lọ̀ ọ́ mọ́. Kò sí ẹni tó mọ àṣà náà ju Gbọ́njúbọ́lá, ìyá Títíladé, lọ. Láti ìgbà tó ti di ìyàwó ilé ni tábà ti di ohun àkọ́kọ́ tí ẹnu rẹ̀ ń mọ̀ láàárọ̀, ṣáájú omi.

Ní ọdún kejì lẹ́yìn tí a gba òmìnira, egbò kan yọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nínú, kò sì jinná. Nílé ìwòsàn ní Ìbàdàn, wọ́n gé ibẹ̀ kúrò pẹ̀lú eyín mélòó kan. Dókítà bá a sọ̀rọ̀ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: tábà ló fa egbò náà; bí ó bá tún padà sídìí rẹ̀, egbò lè padà, ó sì lè má ṣeé gé mọ́. Gbọ́njúbọ́lá gbọ́. Ṣùgbọ́n tábà lílọ̀ ni iṣẹ́ tó mọ̀. Ó pinnu pé òun yóò máa tà á, òun kò sì ní fi kan ẹnu mọ́.

Ara rẹ̀ kò gbà fún un. Bó bá ti jókòó ti ọlọ, itọ́ á kún ẹnu rẹ̀, inú á sì máa bí i sí gbogbo ènìyàn. Orógbó ló fi ń tan ẹnu náà jẹ.

Lọ́jọ́ tó padà sọ́jà, Bàbá Àjàní, baálẹ̀ abúlé kan lẹ́bàá Olódò, ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, agolo aáṣáà lọ́wọ́ wọn.

"Ìyá Títí, káàbọ̀ o. Ẹnu mi ti ń wá ọ kiri. Ó yá, tọ́ ọ wò."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò tọ́ ọ wò mọ́."

Hàjàrá tó ń ta iyọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pòṣé. "Ẹ gbọ́ ẹjọ́ o! Alásè ní òun ò ní tọ́ ọbẹ̀ wò. Àwa la máa jẹ ẹ́ kú?"

Àwọn ará ọjà rẹ́rìn-ín. Bàbá Àjàní kò rẹ́rìn-ín.

"Kí lo fi sí i?"

Ẹ̀rín dá. Bí kò bá tọ́ ọ wò, orúkọ rẹ̀ bàjẹ́ láti Olódò dé àdúgbò Adégbayì. Bí ó bá tọ́ ọ wò, ó ti padà sídìí tábà nìyẹn. Ìka rẹ̀ ti wọ inú igbá aáṣáà rẹ̀ kí ó tó mọ̀. Ó bu díẹ̀. Òórùn rẹ̀ gun imú rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ sì ń bẹ̀ ẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan yìí péré ni.

Ó gbọn ìka rẹ̀ dànù. Ó dìde, ó la ẹnu gbàgà, ó sì fi ìka fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ sẹ́yìn, kí oòrùn lè tàn sí ojú ibi tí wọ́n gé.

"Ẹ wò ó dáadáa, Bàbá. Hàjàrá, ìwọ náà wá wò ó. Láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ ni mo ti ń tọ́ ọ wò nítorí yín. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ nìyí. Ta ló tún fẹ́ kí n tọ́ ọ wò?"

Ó gbé igbá, ó da gbogbo aáṣáà náà sínú ẹrẹ̀ níwájú àtẹ rẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Owó lo dà nù yẹn o," ni Hàjàrá wí, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀.

"Èmi ni mo lọ̀ ọ́. Èmi náà ni mo dà á nù."

Bàbá Àjàní ń yí agolo lọ́wọ́, wọ́n ń fi ahọ́n wá egbò kiri inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tiwọn.

"Kí lo wá ń jẹ lẹ́nu báyìí?"

"Orógbó ni. Ó korò."

"Fún mi níbẹ̀."

Gbọ́njúbọ́lá bó ọ̀kan, ó fi ọ̀bẹ gé e sí méjì. Níṣojú gbogbo wọn, ó kọ́kọ́ ju ìdajì sẹ́nu, ó rún un, ó gbé e mì. Lẹ́yìn náà ló na ìyókù sí baálẹ̀.