Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Tó Sọdá Odò

Láti kékeré ni ohun tí Màmá àti àbúrò mi obìnrin ń bá ara wọn sọ ti ń jẹ mí lọ́kàn. Adití ni àbúrò mi, Màmá kò sì mọ̀wé, ni àwọn méjèèjì bá fi ọwọ́ dá èdè sílẹ̀ nínú ilé, èdè tí kò sí ní iléèwé kankan, tí èmi náà kò gbọ́ ju díẹ̀ lọ. Bí mo bá wọlé, tí ìka ń fò, tí ẹ̀rín ń sọ, inú á bí mi. Mo máa ń rò pé èmi ni wọ́n ń sọ. Nígbà mìíràn, èmi ni lóòótọ́.

Àbúrò mi wá fẹ́ ọkùnrin kan tó ń sin oyin ní òdìkejì odò. Òkè bo ẹ̀yìn ilé wọn, fóònù kì í gbé níbẹ̀. Bí Ọlọ́yin bá wọ ìlú wá tajà, á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé ìyàwó òun wà ní àlàáfíà, màá sì kà á sí Màmá létí. Orúnkún kò jẹ́ kí Màmá lè wọ ọkọ̀ ojú omi mọ́, iṣẹ́ oyin kò sì jẹ́ kí ọmọ ráyè wá.

“Ẹnu Ọlọ́yin ni mò ń gbọ́,” ni Màmá wí. “Ọwọ́ ọmọ mi ni mo fẹ́ rí. Ta ló ń bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀?”

Mo mọ̀ pé ẹni tí kò rẹ́ni gbọ́ ọwọ́ rẹ̀, inú ìdákẹ́jẹ́ ló ń gbé. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí Màmá jẹun dáadáa.

Iṣẹ́ iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mò ń ṣe. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé wa lágbára, mo sì pinnu láti fà á dé ọ̀hún. Mo de díìṣì kan tí yóò ju nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́ òrùlé wa, mo gbé èkejì tí yóò gbà á sọdá, mo dè é mọ́ òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oyin. Oyin ta mí létí. Àwọn díìṣì náà gbọ́dọ̀ kọjú síra wọn gan-an. Bí ọ̀kan bá yà díẹ̀, òfo ni. Mo fi àbúrò mi sílẹ̀ lórí àkàbà pẹ̀lú sípánà, ọkọ rẹ̀ wà nídìí oyin, mo sì padà sílé.

Orí fóònù mi ni nọ́ńbà ti ń fi agbára nẹ́tíwọ́ọ̀kì hàn. Kò gòkè rárá. Adití ni ẹni tó yẹ kó yí díìṣì, fóònù tí mo fi sílẹ̀ fún wọn kò sì tíì lè gbé. Ṣé kí n máa sọdá odò nítorí ìyí kọ̀ọ̀kan ni? Mo pòṣé, mo ta korobá nípàá.

Màmá bi mí pé kí ló dé. Mo ṣàlàyé pẹ̀lú ìkanra. Màmá yọ dígí kúrò lára ògiri.

“Nígbà tó wà ní kékeré, tó bá ṣeré lọ jìnnà, báwo lo rò pé mo ṣe ń pè é wálé?”

N kò bi ara mi rí, èmi tí gbogbo nǹkan máa ń jẹ lọ́kàn. Màmá dúró ní àgbàlá, wọ́n fi dígí mú oòrùn, wọ́n jù ú sórí omi. A dúró. Láti ọ̀hún, ìmọ́lẹ̀ kékeré kan ṣẹ́jú padà: àbúrò mi ti fi sípánà mú oòrùn dáhùn.

Mo ní kí àbúrò mi yí i sọ́tùn-ún. Màmá fa ìmọ́lẹ̀ sọ́tùn-ún, nọ́ńbà já wálẹ̀. Màmá ní a kọjú síra ni, ọ̀tún tiwa, òsì tirẹ̀ ni, ṣé n kò mọ̀ ni? Wọ́n fà á padà. Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, títí Màmá fi gèlè bo dígí pé kó dúró. Wọ́n tún ṣí i, wọ́n jù ú lọ́nà tí n kò rí rí. Mo bèèrè ìtumọ̀ ìyẹn.

“Kò kàn ọ́.”

Nígbà tí nọ́ńbà kún, mo pe fóònù tí mo fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ojú àbúrò mi yọ, òógùn bò ó. Màmá gbé fóònù ti ife kí ọwọ́ méjèèjì lè ráyè. Ìka fò. Ìbéèrè yẹn ni, mo mọ̀ ọ́n lójú Màmá: ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀?

Àbúrò mi sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọlọ́yin wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ bá Màmá sọ̀rọ̀. Ó ń lọ́ra, ó ń ṣìṣe, ó ń wo ìyàwó rẹ̀, ó ń tún un ṣe. Ṣùgbọ́n èdè ilé wa ni. Ó gbọ́ ọ jù mí lọ. Ìjowú mú mi.

Ọwọ́ Màmá bọ́ sí orí itan. Mo ní kí ló ń wí. Màmá dáhùn láìgbé ojú kúrò lára fóònù.

“Ó ní kí n má bínú, pé ọwọ́ òun ṣì ń kólòlò.”