Ohun Tí Elétí Ehoro Gbọ́

"Nínú ilé iṣẹ́ yìí, sẹ́ẹ̀lì kan ò lè húkọ́ kí n má gbọ́ ọ."

Bí Elétí Ehoro ṣe ń yangàn fún àbúrò rẹ̀ obìnrin nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń wọ yàrá ìwádìí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ baba náà níbi iṣẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ọjọ́ ìsinmi ni, kálukú wọn wà lọ́dọ̀ ìyàwó àti ọmọ. Ní ilé tirẹ̀, àga kan, ìkòkò kan. Lọ́la ni àbúrò rẹ̀ yìí, tí ọkọ rẹ̀ ti kú, máa kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn. Baba fẹ́ kó wá máa bá òun gbé, ṣùgbọ́n kò mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́. Ló bá ní kó kọ́kọ́ wá gbọ́ ohùn sẹ́ẹ̀lì.

Ó ki abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín ju irun lọ bọ àwo tí àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára, ẹ̀yà ara tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, wà, ó tan sípíkà. Ta-ta-ta-ta.

"Ṣé o gbọ́ wọn? Wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀."

"Ó jọ epo tó ń ta lórí iná."

"Wọn kì í fara kanra o. Àlàfo bíńtín wà láàárín wọn. Èyí tó fẹ́ sọ̀rọ̀ á tu èròjà kan sínú àlàfo yẹn, èkejì á sì gbà á."

"Tí èkejì ò bá gbà á ńkọ́?"

"Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn."

"Bíi tàwa nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí ọkọ mi kú, mo ránṣẹ́ sí yín títí."

Baba yí ohùn sípíkà sókè. Iná tábìlì tó gbé wá láti ilé ń ta obìnrin náà lójú, ló bá nawọ́ pa á. Sípíkà pa lọ́lọ́. Ó tún tan án: ta-ta-ta-ta. Ó pa á: lọ́lọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé iná yìí lẹ ti ń bá ṣọ̀rẹ́ láti ọjọ́ yìí?"

Baba jókòó. Ariwo iná tábìlì ni waya abẹ́rẹ́ ti ń fà wá sínú sípíkà, kì í ṣe ti sẹ́ẹ̀lì. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó fi ń sọ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì pé "ẹ kú iṣẹ́ o", gílóòbù ló ń kí. Gílóòbù náà ò sì dáhùn rí.

"Má lọ lọ́la," ló sọ nínú yàrá tó ṣú bàìbàì. "Wá máa gbé lọ́dọ̀ mi."

Àbúrò ò tíì lanu tí sípíkà fi fọhùn: dìdì-dì, dìdì-dì. Elétí Ehoro fò dìde bí ọmọdé.

"Àwọn rèé! Iná ti kú, àwọn fúnra wọn ni!"

"Fóònù mi ni," ni àbúrò rẹ̀ wí, agogo rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú báàgì. Ojú rẹ̀ tàn yanran. "Ọmọ mi ni yóò jẹ́. Láti ìgbà tí mo ti sọ fún un pé mò ń kó bọ̀, kò tíì sọ nǹkan kan."

Ó gbé e sétí. Ó gbọ́ ọ dópin. Ó rọra gbé e lé itan.

"Wọ́n ṣi nọ́ńbà pè ni."