Òdòdó Aláró inú Ìwé Signora Ottavia

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Wúràọlá fi sá ìwé náà sóòrùn, inú rẹ̀ sì ń dùn pé oore lòun ń ṣe. Ta ni kò ní sá a? Ìwé tó ti wà nínú àpótí láti ìgbà tí ọkọ Signora Ottavia, ìyá àgbà tó gbà á síṣẹ́, ti kú, tó ń rùn bí èlùbọ́ tí òjò pa! Tíṣà ni bàbá Wúràọlá ní Ìkirè, bí òjò bá sì ti dá, gbogbo ìwé wọn ni wọ́n ń kó síta kí wọ́n má baà bu. Ní Torino ní ilẹ̀ Italy, nínú oṣù kejì ọdún 1996 yẹn, kùrukùru ti bo ìlú fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì. Bí oòrùn ṣe yọ báyìí, ó gbé ìwé lọ sí bákónì, ó ṣí i sí ojú ewé tó ń rùn jù, ó fi pẹ́ẹ̀gì aṣọ há a létí.

Ìwé ilẹ̀ Japan ni. Àwọn ará ibẹ̀ ló gbẹ́ àwòrán kòkòrò àti koríko sára pákó, wọ́n gbẹ́ ewì apanilẹ́rìn-ín sí ẹ̀gbẹ́ wọn, wọ́n kun pákó náà láwọ̀, wọ́n wá fi tẹ bébà. Ọwọ́ atukọ̀ kan ní Genova ni ọkọ Signora ti rà á, ó sì ti bẹ ẹnì kan kó túmọ̀ ewì náà sí èdè Italy, ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan. Signora ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, òjìji lásán lojú wọn ń rí. Nítorí náà, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn kọfí, Wúràọlá á jókòó tì wọ́n, á sọ bí àwòrán ṣe rí àti àwọ̀ tó ní, á sì ka ewì. Ìgbín ń ránṣẹ́ sí olólùfẹ́ rẹ̀ pé, "Mo ń bọ̀ wá kí ọ, má tíì gbé ìkòkò kaná o, ọ̀túnla ni n óò dé ẹnu ọ̀nà." Ìyá àgbà á rẹ́rìn-ín títí wọn á fi di ikùn mú, Wúràọlá náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Wákàtí kan yẹn nìkan ni kì í rántí pé iṣẹ́ lòun wá ṣe nílé onílé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ó gbé ìwé wọlé. Lójú ewé tó sá sóòrùn, ìrẹ̀ inú àwòrán ṣì wà lórí koríko rẹ̀, ṣùgbọ́n òdòdó tó wà lókè orí rẹ̀, tó dúdú mìnìjọ̀ bí aró tẹ́lẹ̀, ti ṣá, ó wá dà bí omi tí wọ́n fi ṣan aṣọ. Oòrùn ti jẹ ẹ́ tán.

Ìjọba ti kéde pé kí àwọn tí kò ní ìwé ìgbélùú wá gbà á, bí ọ̀gá wọn bá lè fọwọ́ sí i pé òun gbà wọ́n síṣẹ́. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni Signora fẹ́ fọwọ́ sí ti Wúràọlá. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí i, kò sí ìwé. Bí kò bá sì sí ìwé, Fọláwẹ̀mí ọmọ rẹ̀ kò lè kúrò ní Ìkirè wá bá a. Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́fà, ìyá rẹ̀ kò sì tíì fojú kàn án láti ọdún mẹ́ta.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Moncalieri, sí ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Ojúọlá, ọmọ ìjọ wọn tó ń ta gàrí àti irun, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ṣé o ti sọ fún un?" ni Ojúọlá bi í.

"Rárá, Àǹtí mi."

"Thank God. Má sọ nǹkan kan o. Ṣebí nonna, ìyá arúgbó yẹn, ò ríran? Jẹ́ kó sign contratto, ìwé iṣẹ́ ẹ, first. Tó bá ti sign, o lè lọ confess títí ilẹ̀ á fi mọ́."

"Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí pé àwọ̀ wo ló ní, mà."

"Sọ fún un pé búlúù ni. Àbí kì í ṣe búlúù ni tẹ́lẹ̀?"

Láti ọjọ́ náà, ìdí Wúràọlá kò gbé ilẹ̀ mọ́. Ó ń fọ abọ́ tó mọ́, ó ń nu fèrèsé tó ti nù láàárọ̀. Bí Signora bá pe orúkọ rẹ̀, á ta gìrì bí ẹni tí ọlọ́pàá kan ilẹ̀kùn mọ́. Ojú ń tì í, ẹ̀rù sì ń bà á, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló pọ̀ jù.

Ní ọjọ́rú, Signora ní kó ka ti ìrẹ̀. Wúràọlá kà á: "Ìrẹ̀ ń ké nínú koríko, ó ní ìkọ̀kọ̀ lòun fi ń fẹ́ ọmọge. Gbogbo abúlé ti gbọ́, ọmọge nìkan ni kò gbọ́." Signora kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ìka pa bébà náà, wọ́n gbé e sún mọ́ imú.

"Òdòdó yẹn ńkọ́? Àwọ̀ wo ló ní?"

"Búlúù ni, Signora."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú. Ó ń dán gan-an ni."

Ní ọjọ́bọ̀, wọ́n jọ wọ tíráàmù lọ sí ọ́fíìsì. Wúràọlá fi ìka Signora síbi tí wọ́n máa fọwọ́ sí, Signora fọwọ́ sí i, akọ̀wé lù ú ní òǹtẹ̀. Ó yẹ kí ara tu Wúràọlá. Ara kò tù ú. Bí wọ́n ṣe délé tí Signora jókòó, Wúràọlá kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ pátá.



"Mo mọ̀," ni Signora wí. "Òórùn àpótí ti kúrò lára rẹ̀, bébà rẹ̀ sì ti gbẹ táútáú. Ọkọ mi ti kìlọ̀ fún mi pé àwọ̀ yẹn kì í fẹ́ oòrùn. Mo ti sunkún òdòdó yẹn tán. Ṣùgbọ́n lánàá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi ọ́. Mo fẹ́ mọ èyí tó máa ṣáájú, kí ẹnu rẹ jẹ́wọ́ ni tàbí kí bírò mi fọwọ́ sí ìwé."

Wúràọlá na ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí náà sí wọn. "Ẹ fà á ya, Signora."

"Kí ni ọmọ ọlọ́mọ tó wà ní Ìkirè ṣe mí? Mú ìwé rẹ. Ó tọ́ sí ọ, o ṣiṣẹ́ fún un."

Aago mẹ́rin lù. Wúràọlá nu ojú, ó gbé kọfí wá, ó ṣí ìwé àwòrán lé itan bó ṣe máa ń ṣe.

"Ṣé kí n ka ọ̀kan fún yín?"

Ìyá àgbà yí ojú sí ibi tí ohùn rẹ̀ ti ń wá.

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ohun tó wà níbẹ̀ lò ń kà?"

Wúràọlá rọra pa ìwé náà dé, ó gbé e padà sórí tábìlì.