Tíì Ṣáájú Kọmúníọ̀n

Ẹni tó bá ní màámi kì í ṣe olóríkunkun, kó wá bá wa gbé fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Látìgbà tí ẹsẹ̀ wọn ti kọṣẹ́, tí wọn ò lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, Páìpù ló ń gbé Kọmúníọ̀n wá fún wọn nílé ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Páìpù kì í ṣe orúkọ ìsàmì rẹ̀ o. Páìpù omi ló ń tún ṣe jẹun, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní nǹkan mìíràn ládùúgbò wa. Ẹgbẹ́ mi ni, a jọ kọ́ katikísìmù, òun ló sì máa ń sùn jù nínú wa. Àmọ́ Fadá yàn án, ó sì kọ́ ọ dáadáa pé bó bá ti gbé Ara Olúwa, ìyẹn Kọmúníọ̀n náà, kọ́rùn nínú àpò kékeré kan, kó pa fóònù rẹ̀, kó má yà síbì kankan, ilé aláìsàn tààrà.

Àtọ̀gbẹ ń bá màámi jà. Láràárọ̀ ni mò ń gún wọn lábẹ́rẹ́, bí wọ́n bá sì ti gbabẹ́rẹ́ tán, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹun kíá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣúgà ara wọn á já wálẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Wọ́n dákú mọ́ mi lọ́wọ́, ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé lókè wa nígbà náà. Ṣùgbọ́n ìyá tó bí wọn ti kọ́ wọn láti kékeré pé nǹkan kan kò gbọdọ̀ kan ẹnu ẹni ṣáájú Kọmúníọ̀n, títí kan omi. Fadá fúnra rẹ̀ ti wá ṣàlàyé pé òfin yẹn ti yí padà, pé kò tilẹ̀ de aláìsàn rárá. Màámi dúpẹ́. Nígbà tó lọ tán, wọ́n ní àánú àwọn ló ṣe Fadá tó fi sọ bẹ́ẹ̀, pé ọmọdé ṣì ni.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí mò ń sọ yìí, bí mo ti rí àwọn tó ń ti Mísà bọ̀ lójú fèrèsé ni mo gún abẹ́rẹ́ náà. Mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, mo tan àbẹ́là sí i, mo sì po tíì sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kò jìnnà, Páìpù kì í sì í pẹ́.

A dúró títí, a ò rí Páìpù. Mo pe fóònù rẹ̀, ó ti pa á, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Mo gbé tíì dé ẹnu màámi, wọ́n di ẹnu pinpin bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fún lóògùn kíkorò. Mo bẹ̀ wọ́n, mo rán wọn létí ọ̀rọ̀ Fadá, mo fi àwọn ọmọ-ọmọ wọn bẹ̀ wọ́n. Nígbà tó yá, inú bí mi, mo bi wọ́n bóyá Olúwa ló ní kí wọ́n kú mọ́ mi lọ́wọ́ nítorí ife tíì kan. Òógùn ti bo iwájú orí wọn, ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n lórí aṣọ ìbora. Mo ti ń wá nọ́ńbà ilé ìwòsàn lórí fóònù nígbà tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn.

Páìpù ni. Ẹ̀wù funfun rẹ̀ tutù rinrin, ìdọ̀tí dúdú wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Gbogbo èébú tí mo mọ̀ ti pé sẹ́nu mi, àmọ́ ó ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé kí n tó sọ̀rọ̀. Ó ní páìpù ló bẹ́ nílé àwọn arúgbó méjì kan lójú ọ̀nà, omi ti kún ilé ìdáná wọn, ó ti ń lọ bá wáyà iná. Òun ò lè wò wọ́n kóun kọjá. Òun ki àpò náà bọ inú ẹ̀wù, òun wọlé lọ tún un ṣe. Ó ń bi mí bóyá Ọlọ́run á dárí ji òun nígbà tó rí ojú màámi.

Ó béèrè bóyá wọ́n ti jẹun. Mo ní rárá. Ó bọ́ àpò náà lọ́rùn, ó gbé e síwájú àbẹ́là, ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó lọ fọwọ́, ó sì gba ife tíì lọ́wọ́ mi.

Ohùn màámi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde mọ́. "Olúwa ti wọlé, o wá ní kí n máa mu tíì?"

"Màmá, Olúwa á dúró dè yín," Páìpù wí. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi dúró lábẹ́ síńkì ni, nínú omi ìdọ̀tí, kò sì bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu ún."

Mo rò pé bó ṣe ń sọ ọ́ lòun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á gbọ́, nítorí ojú rẹ̀ tú ká. Màámi wò ó títí. Wọ́n sì la ẹnu.

Ṣíbí lẹ́yìn ṣíbí ló ń fún wọn, ó ń ti búrẹ́dì bọ inú tíì tó dùn bí oyin. Díẹ̀díẹ̀ ọwọ́ wọn dákẹ́, òógùn gbẹ, ojú wọn padà sípò. Èmi tí ẹnìkan kì í rí ẹkún mi, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo ń sunkún, nítorí ara tù mí. Páìpù ṣe bí ẹni tí kò rí mi.

Lẹ́yìn náà ló gbàdúrà, ó sì gbé Ara Kristi fún wọn. "Àmín" tí màámi ṣe, àwọn ará ilé kejì á gbọ́ ọ. Wọ́n wá pè mí. Mo rò pé wọ́n fẹ́ bá mi wí nítorí ọ̀rọ̀ burúkú tí mo sọ sí wọn.

"Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀," wọ́n ní, "tíì ni kó o kọ́kọ́ gbé wá. Olúwa mọ ilé wa."