Ewé Tí Iná Ò Gbọdọ̀ Rí

Iṣẹ́ tí ènìyàn bá ń ṣe ló máa ń sọ ọ́ lórúkọ. Obìnrin onímọ̀ ewé kan wà tí gbogbo ibi iṣẹ́ ń pè ní Ìyá Eku, nítorí eku ló ń tọ́jú nínú yàrá ìwádìí rẹ̀: àwọn eku tí ọpọlọ wọn ti ń jò bíi ti àgbàlagbà tí àrùn ìgbàgbé mú. Á fún wọn ní oje ewé kan, á sì gbé wọn sínú ọpọ́n omi ńlá tí pèpéle kékeré fara pamọ́ sí. Eku tó bá rántí ibi tí pèpéle wà á lúwẹ̀ẹ́ lọ tààrà.

Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n rántí. Gbogbo ilé hó yèè. Nígbà tó tún un ṣe, àfi bí ẹni pé a fi aṣọ dì wọ́n lójú. Wọ́n ń pòòyì ṣáá.

Ọ̀gá wọn káwọ́ sẹ́yìn. "Ìyá Eku, ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kòńgẹ́ ni. Tó ò bá rí i ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, màá gba yàrá yìí fún ẹlòmíràn."

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ju ti yàrá lọ. Ìyá tó bí i lọ́mọ gan-an ni àrùn náà ń bá jà nílé. Bó ṣe wọlé nírọ̀lẹ́, màmá dìde fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀. Aláròyé ọmọ mi ò tíì dé o."

Aláròyé, ìnagijẹ Ìyá Eku fúnra rẹ̀ ni láti kékeré. "Ó ń bọ̀, Mà," ló dáhùn, ló bá yára wọ ilé ìdáná.

Ó gbé ẹ̀fọ́ kaná, ìrònú sì gbé e lọ. Nígbà tí yóò fi ṣí ìkòkò, ẹ̀fọ́ tútù yọ̀yọ̀ ti ṣú. Ó dúró, ṣíbí lọ́wọ́. Àwọ̀ yìí! Àwọ̀ ewé tí wọ́n lò nígbà kejì gan-an nìyí! Nígbà àkọ́kọ́, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ ewé ti bàjẹ́. Orí tábìlì ni wọ́n sá a sí. Nígbà tí wọ́n tún ẹ̀rọ ṣe, tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n kó ewé sínú ooru rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àmọ́ ẹ̀rọ ò gbọ́ òwe.

Láàárọ̀, bí igbákejì rẹ̀, Pẹ̀lẹ́ńgẹ́, ṣe gbọ́, ó gbá orí mú. "Yéè! Àwa fúnra wa la sun oògùn wa! Èmi tí mo tún pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó tún ẹ̀rọ ṣe!"

"Ìwọ pàtẹ́wọ́. Èmi ńkọ́ tí mo jó?"

Wọ́n já ewé tuntun, wọ́n sá a síbi tí òòrùn ò dé, wọ́n sì fi sùúrù dè é. Ọjọ́ ìdánwò pé. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí ọpọ́n. Àwọn eku tó mu omi lásán ń pòòyì. Èyí tó kọ́kọ́ mu oje lúwẹ̀ẹ́ lọ tààrà bí ẹni tí wọ́n pè wá jẹun. Èkejì tẹ̀lé e.

"Ẹ tún un ṣe!" ni ọ̀gá ké.

Wọ́n tún un ṣe. Tààrà! Ọ̀gá fò sókè, táì rẹ̀ ń kán omi. "Ẹni tó bá fẹ́ gba yàrá yìí, kó wá bá èmi jà!"

Ọ̀nà ṣì jìn kí oje yẹn tó dé ẹnu ènìyàn, Ìyá Eku sì mọ̀ pé ó lè má bá màmá òun láyé. Síbẹ̀, ẹ̀rín ló bá wọlé. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ròyìn ewé, ó ròyìn eku, ó ròyìn táì ọ̀gá. Màmá rẹ́rìn-ín títí, ó dì í lọ́wọ́ mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àròyé yín yìí, bíi ti ọmọ mi ló rí. Ẹ tún un sọ."

Ó tún un sọ, láti ìbẹ̀rẹ̀.