Kò Sójú, Kò Síwèé

Ọdún méjìlélógún ni mo fi ya fọ́tò tà kiri etíkun ilẹ̀ wa, láti Bergen títí dé òkè lọ́hùn-ún níbi tí igi kì í ti í hù, kò sì sí ẹni tó pè mí lẹ́jọ́ rí. Kì í ṣe pé mo mọ́ ju àwọn ẹgbẹ́ mi lọ. Òfin iṣẹ́ wa kan ni mo dì mú bí ẹni di okùn mú: kò sójú, kò síwèé. Bí ojú ènìyàn bá hàn nínú fọ́tò, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé kí n tó lè tà á. Bí ojú kò bá hàn, n kò ní ìwé kankan í gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹ̀yìn ènìyàn ni mo fi ń jẹun. Ẹ̀yìn apẹja, ẹ̀yìn arúgbó lórí bẹ́ǹṣì, ẹ̀yìn ọlọ́mọge tó ń wo òkè. Ẹ ti rí wọn rí lára páálí bisikí tàbí lára ògiri báńkì, ẹ kò kàn mọ̀ pé èmi ni mo yà wọ́n ni.

Ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá, mo dé sí erékùṣù Skarvøya, sílé àlejò Jorunn. Opó apẹja ni Jorunn, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ tó fi ń la ẹja lọ. Eilert ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n Eilert Ẹlẹ́yìn ló ń pè mí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, bí mo ṣe ń jẹ wáfù rẹ̀ pẹ̀lú wàràkàṣì, mo ṣí kọ̀ǹpútà mi láti fi fọ́tò kan yangàn. Ọmọbìnrin kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, ó dúró létí èbúté, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó na ọwọ́ kan sókè, ẹyẹ òkun kan sì fẹ́ bà lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Lápá òsì, panla tí wọ́n sá sórí igi ń fì nínú afẹ́fẹ́. Ọjọ́rú tí mo dé ni mo yà á láti inú ọkọ̀ mi, ọmọ náà kò sì mọ̀. N kò ya èyí tó dára tó o rí.

“Ó dáa o,” ni Jorunn wí. “Ọjọ́ wo gan-an ni ìwọ máa rí ojú ọmọ aráyé?”

Mo dá a lóhùn pé ojú ọmọ aráyé ní wàhálà nínú, ẹ̀yìn wọn kì í bá ènìyàn jà.

Randi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó ń bu kọfí fún mi. Òun ló ń bá Jorunn fọ aṣọ ibùsùn, tó sì ń tọ́jú àlejò. Ó ti ń lọ sí ọdún kan tó ti wà níbẹ̀, òun àti ọmọ rẹ̀ Tuva, ẹni ọdún méje, tí kì í yọjú sí àlejò. Obìnrin tí kì í pọ̀ lọ́rọ̀ ni. Ó wo kọ̀ǹpútà náà, ó dá kọfí dúró nígbà tí ife mi kò tíì dé ìdajì, ó ní kí Jorunn jọ̀ọ́ bá òun wo Tuva ní ilé ìdáná. Nígbà tí Jorunn jáde tán, ó jókòó níwájú mi.

“Ṣé ẹ ti fi ránṣẹ́ ni?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, láti alẹ́ Ọjọ́rú, àti pé wọ́n ti rà á lánàá. Ìgbéraga ni mo fi sọ ọ́.

“Ọmọ mi nìyẹn,” ni ó wí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin mi fún un. Ojú ọmọ kò hàn, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n, òfin sì gbà mí láyè. Kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní kí n fẹ ẹ̀yìn súwẹ́tà ọmọ náà kó tóbi, kí n ka ẹsẹ̀ ìràwọ̀ tí wọ́n hun síbẹ̀. Mo kà á. Méje ni. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí sí ilẹ̀ wa ló mọ ìràwọ̀ tí à ń hun sára aṣọ òtútù àti ìbọ̀wọ́, ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní, kì í dín, kì í lé. Mo tún un kà, méje náà ni.

“Ìyá ọkọ mi ló hun ún,” ni Randi wí. “Ó mọ̀ọ́mọ̀ ń yọ ẹsẹ̀ kan ni, kí wọ́n lè máa dá iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ mọ̀. Mẹ́ta péré ló hun, fún àwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀. Bí ìyá yẹn bá ti rí i, ọkọ mi ti rí i nìyẹn.”

Ó wá sọ ìyókù fún mi, bí ẹni ń ka nǹkan tó ti há sórí. Ọkùnrin náà ti ṣẹ́ ẹ lápá lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kẹta, ọmọ ló kọjú sí. Ọdún méjì rèé tí wọ́n ti ń sá, Skarvøya sì ni ibi kẹta tí wọ́n forí pamọ́ sí. Mo bi í léèrè pé kí ló dé tó ṣì ń fi súwẹ́tà náà wọ ọmọ. Ó ní súwẹ́tà náà ló wà lọ́rùn ọmọ lọ́jọ́ tí wọ́n sá jáde, ọmọ kò sì gbà kí òun jù ú nù, òun tilẹ̀ ti hun kún apá rẹ̀ nígbà tó kéré sí i.

Tí ayàwòrán bá fẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí olùrà yóò fi wá a rí mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ náà a sì máa bá fọ́tò lọ síbikíbi tó bá lọ. Mo rántí ohun tí mo kọ: ọmọbìnrin, ẹyẹ, èbúté, súwẹ́tà, ìràwọ̀. Mo sì kọ Skarvøya parí rẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi júwe ilé fún ọkọ Randi. Mo sọ fún Randi, nítorí kò sí bí n kò ṣe ní í sọ. Ó ní kí n gbà á padà.

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ kọjá díẹ̀ nígbà tí mo pe Vibeke, ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ tó ń bá mi ta fọ́tò ní Oslo. Ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́. Ó ní àwọn olówùú kan ló rà á, àwọn tó ń ta òwú fún àwọn tó ń hunṣọ, àwọn nìkan ni wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i fún ọdún kan. Orí lẹ́tà tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n máa fi sí. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì ènìyàn ló ń kà á. Aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ló máa ń jáde.

“Ọjọ́ Ẹtì wo?” ni mo bi í.

“Òní kẹ̀.”

Mo ní mo fẹ́ gbà á padà. Ó béèrè ìdí. Mo wo Randi, ó mi orí pé rárá. Ó ti kìlọ̀ fún mi kí n tó pè. Níbi tí wọ́n kọ́kọ́ sá sí, akọ̀wé ọ́fíìsì kan fi inú rere sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹnì kejì, ẹnì kejì sọ fún ẹnì kẹta, nígbà tó fi di ọjọ́ kẹrin, ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti òdòdó lọ́wọ́. Mo sọ fún Vibeke pé ọ̀rọ̀ àṣírí ni.

“Eilert, ìdí yòówù kó o sọ, mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé fún ẹni tó rà á. Àdéhùn nìyẹn. Ọmọ yẹn kò lójú, kò nílò ìwé. Kí wá ni mo fẹ́ kọ?”

Mo gba nọ́ńbà àwọn olówùú náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ju wákàtí kan lọ kí ẹnikẹ́ni tó gbé e. Randi jókòó tì mí, ó ń fi àtàǹpàkò ra etí tábìlì. Nígbà tí wọ́n máa gbé e, obìnrin kan tó ń jẹ́ Gudveig ni, ohùn rẹ̀ dùn, ó ní òun ló ń kọ lẹ́tà náà, ó sì kí mi kú iṣẹ́ ọwọ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ n pààrọ̀ fọ́tò náà, n óò fún wọn ní mẹ́wàá mìíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní kí ló ṣe èyí. Mo ní ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò dára. Ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀yin ayàwòrán, ẹ ò lè gba ìyìn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gbọ́ ná, ta ló hun súwẹ́tà yìí? Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń hunṣọ, mi ò rí ìràwọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méje rí.”

Mo ní n kò mọ̀. Ó ní kò burú, àwọn ti fi béèrè lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Ohun tí wọ́n kọ gàdàgbà sókè lẹ́tà náà ni: Ta ló mọ ọwọ́ tó hun èyí? Ẹni tó bá kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n yóò gba àpò òwú kan lọ́fẹ̀ẹ́. Bí mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́ sí i ni ó túbọ̀ ń fura pé nǹkan wà ńbẹ̀, mo sì rí i pé tí mo bá sọ̀rọ̀ kan sí i, n óò bà á jẹ́ tán. Mo pa fóònù.

Randi ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sunkún, kò sì bú mi. Ó gòkè lọ, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń ṣí àpótí, tó ń pa á dé. Ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí ìlú ńlá máa ń kúrò ní aago kan. Jorunn jáde láti ilé ìdáná, ó dúró lé mi lórí. N kò mọ iye tó mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo rò pé kò béèrè rí, mo sì rò pé kò sí ohun tí kò mọ̀.

“Ọmọ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ bàtà kó tó sùn ni,” ni ó wí. “Oṣù mẹ́jọ ló gbà wá. Tòun ti bàtà ló ń sùn, torí bó bá di pé wọ́n máa sá.” Ó kó àwo mi kúrò níwájú mi. “Ìwọ sì jókòó síbí.”

Ọ̀nà kan wà, mo sì ti mọ̀ ọ́n látìgbà tí Vibeke ti sọ̀rọ̀ àdéhùn. Bí ayàwòrán bá jẹ́wọ́ pé òun kọ́ ni òun ya fọ́tò kan, pé òun jí i ni, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń gbà á padà lọ́wọ́ ẹni tó rà á, láìbéèrè ohunkóhun mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jí ọ̀kan, gbogbo tirẹ̀ ni wọ́n máa kó dànù, kò sì sí ilé iṣẹ́ mìíràn tó máa gbà á wọlé. Ẹgbàáje fọ́tò ni mo ní lọ́dọ̀ wọn. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí, orúnkún mi ọ̀tún ti bàjẹ́, n kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn láyé.

Mo jáde lọ dúró létí omi. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: mo bínú sí Randi. Mo bínú sí súwẹ́tà, mo bínú sí ìyá àgbà tí kò lè hun ìràwọ̀ bí ẹlòmíràn. Mo ní nínú ara mi pé èmi kọ́ ni mo ṣẹ́ ẹ lápá, pé òfin wà lẹ́yìn mi, pé bóyá ìyá náà kò tilẹ̀ ní í ṣí lẹ́tà náà. Ìyá tó fi gbogbo ayé rẹ̀ hunṣọ. Ojú ara mi tì mí. Nígbà tí mo tún wo aago, ó ti di méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú.

“Vibeke,” ni mo wí, “èmi kọ́ ni mo ya fọ́tò yẹn.”

“Eilert, mo mọ ọwọ́ ẹ.”

“Mo jí i ni.”

“Lọ́wọ́ ta?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n.”

“Ṣé o mọ ohun tó máa tẹ̀lé e?”

“Mo mọ̀.”

“Tún un sọ, kí n gba ohùn ẹ sílẹ̀.”

Mo tún un sọ. Ó ní òun á pe Gudveig fúnra òun, ó sì pa fóònù láìkí mi pé ó dàbọ̀. Mo padà síbi kọ̀ǹpútà, mo ṣí ojú ìwé tí fọ́tò mi wà lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí aago méjìlá lù, ọmọbìnrin inú fọ́tò náà kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni apẹja kan lọ, lẹ́yìn náà arúgbó orí bẹ́ǹṣì, lẹ́yìn náà wọ́n ń lọ ní ìlà ní ìlà, tí ojú kò lè bá wọn mọ́. Ọ̀fọ̀ ńlá ló ṣẹ̀ mí, mo sì mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Jorunn náà wà lára àwọn tó ń gba lẹ́tà olówùú, bíi gbogbo obìnrin etíkun wa. Ní aago méjìlá, fóònù rẹ̀ dún. Ó gbé e jìnnà sí ojú, ó gbé e súnmọ́, ó ń wá awò ojú rẹ̀ tó wà lórí rẹ̀.

“Ológbò,” ni ó wí nígbẹ̀yìn. “Ológbò nínú agbọ̀n òwú ni wọ́n fi síbẹ̀.”

Randi ti ń sọ̀ bọ̀ tòun ti báàgì. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn níbi tó dé yẹn, ó sì gbé orí lé orúnkún. A kò dà á láàmú. Nígbà tó dìde, ó wá bá mi, ó béèrè bóyá fọ́tò náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ní inú kọ̀ǹpútà yìí nìkan ló kù sí. Ó ní kí n fi han òun kí òun tó pa á rẹ́.

Mo ṣí i. Ó wò ó pẹ́, ju bí olùrà kankan ti wo iṣẹ́ mi rí lọ. Ó ní ọdún méjì rèé tí òun kò ya ọmọ náà ní fọ́tò kankan, nítorí òun kò mọ ibi tí fọ́tò lè gbà lọ.

“Ó ti ga,” ni ó wí. “Mi ò mọ̀ pé ó ti ga tó báyìí.”

Ó béèrè bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀. Mo fi hàn án. Bó ṣe na ọwọ́ sí i ni Tuva jáde láti ilé ìdáná, jáàmù yí i lẹ́nu, ó wá dúró lábẹ́ apá ìyá rẹ̀.

“Màmá, èmi nìyẹn.”

Randi tẹ bọ́tìnnì náà. “Rárá,” ni ó wí, “ọmọ ẹlòmíì ni.”

Tuva wo ojú kọ̀ǹpútà tó ti ṣófo, ó wá yíjú sí mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ojú rẹ̀ nìyẹn. Mo ti parọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò sì sí èyí tó ṣòro fún mi tó èyí.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni mo wí, “ọmọ ẹlòmíì ni.”